Ìpàdé òbí àti olùkọ́: kì í ṣe tọ́rọ̀ owó nìkan

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Láti ọdún 1908 ni Abeokuta Grammar School ti wà, Baptist Boys' High School sì tẹ̀lé e lọ́dún 1923. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, ìyẹn P.T.A., ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, “Èló ni wọ́n tún fẹ́ gbà?” Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú kò ní fẹ́ ti ìsọ̀, bàbá tó ń wa mọ́tò ní Láfẹ́nwá kò ní fẹ́ pàdánù èrò. Ìgbà tí èsì ìdánwò bá jáde ni ariwo yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ẹ̀pa kò sì ní í bóró mọ́.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ kíláàsì, iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò kéékèèké wà lára máàkì ìparí sáà. Òbí tó bá tètè mọ ibi tí ọmọ kù sí ṣì lè tún un ṣe.

Kí ẹ tó lọ, ẹ yẹ ìwé ọmọ yín wò, kí ẹ sì bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣòro fún un.

Ọ̀rọ̀ àga, òrùlé àti owó ni ti ìpàdé gbogbogbòò. Bí ó bá parí, ẹ lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: kí ni ọmọ yìí mọ̀ dáadáa? Níbo ni ó kù sí? Kí ni a lè ṣe nílé? Èdè Yorùbá tó o sọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má ṣe bá olùkọ́ jà, ẹ má sì ṣe dójú ti ọmọ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ wo bó ṣe ń lọ. Bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ bẹ olùkọ́ kí ó dá ọjọ́ mìíràn, tàbí kí ẹ rán ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ti dàgbà.

Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ kàwé parí JSS 3. Òfin lè gbé ọmọ dé kíláàsì, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ fún òbí. Ẹni tó bá bèèrè ni yóò mọ̀.