Ọdún Márùn-ún Ṣáájú Ìwé Ìròhìn: Ìkọ́ṣẹ́ Ìtẹ̀wé ní Abẹ́òkúta

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò léèrè ọdún tí ìwé ìròyìn kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá, kíá ni yóò dáhùn pé 1859 ni. Yóò fi kún un pé Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., ni ó dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti pé Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ni orúkọ rẹ̀. Ìdáhùn náà péye, kò sì sí olùkọ́ tí yóò yọ máàkì kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mìíràn wà tí àwọn ìwé ìtàn máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lára rẹ̀. Ní 1854 ni Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Láti 1854 sí 1859, ọdún márùn-ún ni. Ẹ̀rọ wà nílẹ̀, tàdáwà wà nílẹ̀, ìwé ìròyìn kò sì tíì sí. Ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò náà ni ìkọ́ṣẹ́, ìkọ́ṣẹ́ yìí ni ó sì tọ́ kí a kà sí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé láàrin àwọn Yorùbá.

Abẹ́òkúta kọ́ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Presbyterian, tí Hope Waddell jẹ́ aṣáájú wọn, ti gbé tiwọn dé Kàlàbá ní 1846. Ọdún yẹn kan náà ni Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wọ Abẹ́òkúta láti dá ìjọ sílẹ̀. Townsend ti ṣe àbẹ̀wò sí ìlú náà rí ní 1843, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ ṣì jẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá. Ilé ìwé bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé àti àgbà sì ń kọ́ a, b, d, ṣùgbọ́n ìwé tí wọn yóò kà ṣọ̀wọ́n. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti tẹ gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe ní 1852. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí yóò mọ ìdí tí a fi ń wá ẹ̀rọ: a ó fi ọwọ́ kọ ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá, yóò wọ ọkọ̀ òkun, àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà ni yóò to lẹ́tà rẹ̀, yóò sì tún wọ ọkọ̀ òkun padà. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ó ti di ohun tí a ń fi ara mọ́.

Townsend kò gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kí ó sì máa dá tẹ̀wé. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ mọ́ ọn, ó sì mú àwọn ọ̀dọ́ wọnú iṣẹ́. Ó yẹ kí a wo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí bá pàdé, nítorí àwọn tí ń kàwé lónìí kò fi ojú rí irú irin-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ ni a fi ń tẹ ẹ̀rọ ayé ìgbà náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí pẹrẹsẹ kan wà tí a pín inú rẹ̀ sí ojúlé wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ni ó ní lẹ́tà tirẹ̀ tí a fi òjé rọ. Ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa wá lẹ́tà kiri. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ojúlé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyálé ilé ti mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú òkùnkùn. Yóò di ọpọ́n irin kékeré mú ní ọwọ́ òsì, yóò máa fi ọwọ́ ọ̀tún mú lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n orí lẹ́tà wà nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ìgbà tí a bá wo ìwé nínú dígí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ní ọdún méjì sẹ́yìn ni a sọ fún pé kí ó tún kọ́ ọ ní òdìkejì. Ìgbà tí ó bá rò pé òun mú b, d ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó bá rò pé òun mú n, u ni.

Bí ìlà bá kún, yóò ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní lẹ́tà lójú sí àárín ọ̀rọ̀ títí ìlà náà yóò fi le dáadáa. Nígbà tí ìlà bá pé ojú ìwé kan, a ó fi férémù irin há wọn mọ́ra, a ó fi tàdáwà tí ó ki bí ọ̀dà pa á lójú, a ó tẹ́ tákàdá tí a ti fi omi rin díẹ̀ lé e, a ó sì fa ọ̀pá ẹ̀rọ. Bí afàyàwọ́ ọmọ bá fà á jù, lẹ́tà yóò lu tákàdá. Bí kò bá fà á tó, apá kan yóò hàn, apá kejì yóò ṣú. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ràn kù: kí a fọ lẹ́tà, kí a sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ojúlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ju n sí ojúlé u lónìí, inú ìwé ọ̀la ni yóò ti bá àṣìṣe rẹ̀ pàdé.

Èdè Yorùbá tún fi ìṣòro tirẹ̀ kún un. Iye lẹ́tà tí àwọn arọlẹ́tà ìlú Òyìnbó máa ń rọ sínú àpótí kan dá lórí bí èdè wọn ti ń lò ó. Lẹ́tà e pọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀, k kò sì pọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í lo k púpọ̀. Kí atòlẹ́tà Yorùbá tó to ọ̀rọ̀ bíi “kí ó kọ́kọ́ ka ìwé kan”, k márùn-ún ti kúrò nílẹ̀. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹ, ọ àti ṣ tí wọ́n ní àmì nísàlẹ̀, èyí tí kò sí nínú àpótí Gẹ̀ẹ́sì rárá, tí ó sì di dandan kí a rọ lọ́tọ̀. Bí lẹ́tà kan bá ní àmì ohùn lórí, tí ó sì tún ní àmì lábẹ́, òjé tirẹ̀ tún yàtọ̀ sí ti èyí tí ó ní àmì abẹ́ nìkan. Olùkọ́ tí ń bá àwọn ọmọ jà nítorí pé wọn kò fi àmì sí iṣẹ́ wọn lè fi èyí sọ́kàn: òjé ni àmì jẹ́ nígbà kan, ó sì ní iye tí a ń rà á.

Ọ̀ràn àkọtọ́ pàápàá kò tíì yanjú nígbà náà. Ọdún 1875 ni ìpàdé wáyé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀, ìyẹn ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ẹni tí ó dúró nídìí àpótí kò lè sá fún ìpinnu: ṣé ọ̀rọ̀ méjì ni kí òun tò ni, tàbí kí òun so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan? A kì í dárúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyí nígbà tí a bá ń ka àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ Yorùbá sílẹ̀. Ó dàbí ẹni pé ó yẹ kí a máa dárúkọ iṣẹ́ wọn, ó kéré tán.

Ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn Ẹ̀gbá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ ẹwìrì kí ó tó di òòlù mú. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ń há igi kí ó tó gbẹ́ ojú ère. Èyí tí ó jẹ́ tuntun ni pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé kọ́ láìmọ̀wé. Ọ̀nà tí èdè wa gbà sọ irin-iṣẹ́ náà ní orúkọ tún yẹ fún àkíyèsí. A yá káfíńtà àti bíríkìlà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìtẹ̀wé jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ohun tí a fi ojú rí pé ẹ̀rọ náà ń ṣe, ìyẹn ni pé ó ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀, ni a fi pè é.

Àwọn irin-iṣẹ́ mìíràn ń wọ ìlú náà ní àkókò kan náà. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., àti Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, ń gbìyànjú láti mú òwú di òwò ńlá ní Abẹ́òkúta, a sì kó ẹ̀rọ tí ń ya kóró kúrò lára òwú wá. Henry Robbin, ọmọ Sàró, lọ sí Manchester lọ́dọ̀ Clegg láti kọ́ iṣẹ́ náà. Òwú ní ìtàn tirẹ̀.

Orin ìsìn, ìwé àdúrà kéékèèké, kátíkísìmù àti ìwé alífábẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń tẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ jáde. Bí ó bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni kò ní kú. Ìwé ìròyìn yàtọ̀. Nígbà tí Ìwé Ìròhìn jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, ohun tí Townsend ṣèlérí ni pé yóò máa jáde ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní 120 owó ẹyọ. Ilé iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣi n mú fún u kò lè mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ní 1860, apá Gẹ̀ẹ́sì tún kún ti Yorùbá. Àwọn ìdí mìíràn lè wà tí Townsend fi dúró fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n láìsí ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́, kò sí ìdí kankan tí ì bá mú ìwé náà jáde léraléra.

Kò pẹ́ tí ìwé náà fi bọ́ sínú ọ̀ràn ìlú. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Townsend sì fi ìwé ìròyìn rẹ̀ gbè sẹ́yìn àwọn Ẹ̀gbá. Èyí bí àwọn aláṣẹ Èkó nínú. Ìjà láàrin Èkó àti Abẹ́òkúta ń gbóná sí i, pàápàá lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú ní 1865. Ní oṣù Kẹwàá 1867, ìbínú náà tú jáde lára àwọn ilé ìsìn àti àwọn òjíṣẹ́ Òyìnbó. Ìfọ́lé ni a ń pe ọdún náà títí di òní. Wọ́n lé àwọn Òyìnbó jáde, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, Ìwé Ìròhìn sì kú.

Ní Èkó, irin-iṣẹ́ yìí kan náà ti rí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n lò. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, ti kọ́ ìtẹ̀wé ní Kingston nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó di olùkọ́. Ó wà ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú Martin Delany ní oṣù Kejìlá 1859 gan-an tí Ìwé Ìròhìn kọ́kọ́ jáde. Ó padà wá, ó fi Èkó ṣe ibùgbé, ó sì ń gbèrò ìwé ìròyìn. Gómìnà Freeman fẹ́ kí a fi owó orí dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbà. Anglo-African jáde ní 1863, ó sì dúró di 1865.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Freetown ní 1845 ṣiṣẹ́ atẹ̀wé lọ́dọ̀ Campbell. Richard Beale Blaize ni orúkọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó bọ́ sídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ìjọba, ó sì di ọ̀gá níbẹ̀ kí ó tó yà sídìí òwò, níbi tí ó ti di ọlọ́rọ̀. Ní 1880, ó fi owó ara rẹ̀ dá Lagos Times sílẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ atẹ̀wé rí ni ó ni ìwé ìròyìn yẹn. Blaize kú ní 1904. Owó tí ó fi sílẹ̀ ni a fi dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní 1908, Abẹ́òkúta sì ni a kọ́ ọ sí.