Adùn Bọ́ọ̀lù àti Ife-Ẹ̀yẹ: Ẹjọ́ Bràsíl láti 1982 dé 1994

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni a sì ti máa ń gbọ́ ọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbá bọ́ọ̀lù tó dùn ún wò, tí ó sì pàdánù, a ó ní ijó ni wọ́n wá jó, wọn kò wá ife. Bí òmíràn bá gbá èyí tí kò lójú tí kò nímú, tí ó sì borí, a ó ní kí ni ó kàn wá, ayò ṣáà ti wọlé. Mo fẹ́ kí á tún ẹjọ́ yìí gbọ́ ní ilẹ̀ tí wọ́n ti rò ó jù, èyíinì ni Bràsíl.

Èdè wọn fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i. Àwọn ará Bràsíl, tí èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, ní orúkọ méjì fún bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní futebol-arte, bọ́ọ̀lù oníṣẹ́-ọnà. Wọ́n ń pe èkejì ní futebol de resultados, bọ́ọ̀lù ẹni tí kò wo ohun mìíràn bí kò ṣe iye ayò. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1970, nígbà tí wọ́n na Ítálì ní 4 sí 1 ní Mẹ́síkò tí wọ́n sì gba ife wọn kẹta, inú ilé kan náà ni adùn àti ife ń gbé. Ọdún 1982 ni ìjà ńlá wọ àárín àwọn méjèèjì.

Ní ọdún náà, Spéìnì ni wọ́n ti du Ife Àgbáyé. Telê Santana ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Bràsíl. Sócrates, ẹni tí ó kàwé gboyè oníṣègùn, ni balógun wọn. Zico, Falcão, Cerezo, Éder àti Júnior sì wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n na Sófíẹ́ẹ̀tì 2 sí 1, wọ́n na Skọ́tíláǹdì 4 sí 1, wọ́n na Niu Sílándì 4 sí 0, wọ́n sì na Ajẹntínà 3 sí 1. Ítálì ní tirẹ̀ kò borí ẹnikẹ́ni nínú ìdíje 3 àkọ́kọ́; ọ̀mì ni ó ta nínú gbogbo wọn, kí ó tó wá na Ajẹntínà 2 sí 1. Nígbà tí Bràsíl àti Ítálì pàdé ní Barcelona ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọ̀mì lásán tó Bràsíl láti tẹ̀ síwájú.

Paolo Rossi, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìfòfindè ọdún 2 bọ̀, tí kò sì tí ì gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé nínú ìdíje náà, ni ó kọ́kọ́ gbá a wọlé. Sócrates dá a padà. Cerezo fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láìwòye, Rossi já a gbà, ó di 2 sí 1. Falcão tún dá a padà, ó di 2 sí 2. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 16, Ítálì gba bọ́ọ̀lù kọ́nà, Rossi sì gbá ẹ̀kẹta wọlé. Bràsíl ré bọ̀ sílé, Ítálì sì gba ife náà.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé adùn ló pa Bràsíl. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀ràn náà wò. Àìfiyèsí ẹnì kan ló bí ayò kejì. Kò sí ẹwà nínú kí ènìyàn fi bọ́ọ̀lù fún ọ̀tá. Bọ́ọ̀lù kọ́nà ló bí ẹ̀kẹta, nígbà tí àwọn Bràsíl ti padà wá dáàbò bo ilé wọn. Bí a bá ní wọn kò mọ ilé ṣọ́ tó, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìmọ ilé ṣọ́ ní orúkọ tirẹ̀, kò yẹ kí a máa pè é ní adùn.

Síbẹ̀, ìdájọ́ ti jáde. Ní 1986, Telê tún kó wọn lọ, Faransé sì fi pẹ́nárítì lé wọn dànù. Ní 1990, wọ́n yí ọwọ́ padà, wọ́n gbájú mọ́ ilé ṣíṣọ́, Ajẹntínà sì na wọ́n 1 sí 0. Àwọn aráàlú wá fi orúkọ Dunga, agbábọ́ọ̀lù àárín wọn, sọ gbogbo sáà náà láti fi gàn án. Ní 1994, Carlos Alberto Parreira tún mú Dunga yìí kan náà lọ sí Amẹ́ríkà. Raí, àbúrò Sócrates, ni balógun nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó parí, ó ti pàdánù ipò náà fún Dunga. Ayò 11 ni wọ́n gbá wọlé nínú ìdíje 7, 3 péré ni wọ́n gbá sílé wọn. Ti 1982 jẹ́ 15 nínú ìdíje 5, wọ́n sì gbá 6 sílé wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, ní Pasadena, àwọn àti Ítálì gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 120 láìsí ayò kankan, kí Bràsíl tó fi pẹ́nárítì borí ní 3 sí 2. Ife tí wọ́n ti ń wá fún ọdún 24 dé. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe díẹ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé bí a bá bi wọ́n léèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, ti 1982 ni wọn yóò dárúkọ.

Ta ni ó wá sọ fún wọn pé ọ̀nà Telê kò lè gba ife? Ọ̀nà náà ni ó bá lọ sí ẹgbẹ́ São Paulo. Wọ́n gba ife Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1992 àti 1993. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1992, wọ́n na Barcelona 2 sí 1 ní Tokyo, Raí yìí kan náà ni ó sì gbá méjèèjì wọlé. Ní ọdún kejì, wọ́n na Milan 3 sí 2 níbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni mò ń sọ. Ọjọ́ 5 oṣù Keje náà ni, ní 1994, tí Ítálì pàdé Super Eagles wa nítòsí Boston. Amuneke ti gbá ọ̀kan wọlé fún wa, wọ́n ti lé Zola jáde, ó ku ìṣẹ́jú 2 péré, ni Roberto Baggio bá dá a padà. Nínú àfikún àkókò, ó tún fi pẹ́nárítì gbá èkejì wọlé. Bàbá mi kò tí ì dárí jì wọ́n títí di òní. Wọ́n ní wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù dárà nígbà tí ó yẹ kí wọ́n wá ayò kejì.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ti 1996 ńkọ́?" Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún náà, nínú ìdíje Òlíńpíìkì, Bràsíl ti fi 3 sí 1 ṣíwájú wa. Àwọn ọmọ wa kò yé dárà, wọ́n dá a padà sí 3 sí 3, Kanu sì gbá ẹ̀kẹrin wọlé nínú àfikún àkókò. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe irú bọ́ọ̀lù kan náà ni ẹ fi jó yí àdúgbò ká?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìyẹn yàtọ̀. A borí."

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ náà wà. A kì í wo bọ́ọ̀lù kí á tó dájọ́. Iye ayò ni a kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ni a óò wá ẹ̀bi ka adùn lọ́rùn. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi ìpàdánù ṣayọ̀. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, bọ́ọ̀lù tó dùn pẹ̀lú ní ohun tí yóò ná ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Barcelona mú kí odidi orílẹ̀-èdè máa bẹ̀rù ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ fún ọdún 12. Bí ẹgbẹ́ wa bá tún pàdánù ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ṣi bọ́ọ̀lù gbá, kí á tó fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó gbá a dáradára.