Ẹnu Òbí Ni Òfin Ń Wò

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n bí olè bá ti kó ilé, kí ni ọmọ yóò wọ̀ jáde? Èdè ni ẹ̀ṣọ́ tí mo ń wí.

Ní 1912, ìjọba Ontario ní Kánádà pàṣẹ pé lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ elédè Faransé. Àwọn òbí kọ̀ jálẹ̀. Ní Ottawa, ní 1916, àwọn ìyá kó abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú fìlà dúró lórí, wọ́n fi ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Guigues nítorí ọlọ́pàá. Ní 1927 ni àṣẹ náà tó rọlẹ̀. Ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1912 ti di géńdé.

Láti tún irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ni abala 23 òfin 1982 ṣe wà, gẹ́gẹ́ bí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti wí ní 1990. Níbi tí elédè Faransé kò pọ̀, òbí tí í ṣe ọmọ Kánádà lè fi ọmọ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé, bí iye ọmọ bá tó, bí Faransé bá jẹ́ èdè tí òun kọ́kọ́ gbọ́ tí ó sì yé e síbẹ̀, tàbí bí òun tàbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti fi í kẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà.

Ẹ kíyè sí i: abala náà kò bèèrè bóyá ọmọ gbọ́ Faransé. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ olùkọ́ yóò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìdánwò èdè ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síta, a ti bá olè parí iṣẹ́ rẹ̀.