Ewé Eéran: Ewé Tí A Mọ̀, Èso Tí A Gbàgbé

Bí a bá fẹ́ se mọ́ínmọ́ín ní Ifákọ̀, ọjà Kétu tàbí Mile 12 la ti máa ń ra ewé eéran. A ó fọ̀ ọ́, a ó ká a, a ó bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Bí mọ́ínmọ́ín bá jinná, a ó jẹ ẹ́, a ó sì da ewé nù. Lọ́jọ́ kan la bi ìyá eléwé pé irú igi wo ló ń so ewé yìí. Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe igi o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń lá èso rẹ̀ lóko.”

Òótọ́ ni màmá sọ. Ewéko inú igbó ni, tó ń hù lábẹ́ òjìji igi ńlá, láti Sàró títí dé Kóńgò. Ewé rẹ̀ wà lókè lórí ọ̀pá gígùn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, nítòsí ilẹ̀. Èso rẹ̀ pupa, ó ní igun mẹ́ta. Kóró dúdú ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun rírọ̀ kan tó dùn púpọ̀. Àdùndùnmìtán ni Yorùbá ń pè é.

Ní 1855, W. F. Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa èso yìí nínú ìwé ìròyìn àwọn apòògùn ní London. Ó ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń fi í mú ẹmu àti oúnjẹ kíkan dùn. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi sọ ewéko náà: Thaumatococcus daniellii. Ìyanu ni ìtumọ̀ “thauma” lédè Gíríìkì. Àwọn tó fi adùn náà hàn án kò sí nínú orúkọ yẹn.

Ní 1972, àwọn onímọ̀ ní Netherlands yọ adùn náà sọ́tọ̀. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ṣúgà, purotéènì ni. Wọ́n pè é ní thaumatin. Bí a bá wọn méjèèjì, ó fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. E957 ni wọ́n ń kọ sára oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ ní Yúróòpù. Àwọn tiwa náà kò kàn wòran: ní 1977, Adesina ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí í ṣe OAU lónìí, kọ ìwádìí lórí èso náà pẹ̀lú Higginbotham.

Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa kò tíì fojú kan èso náà rí. Ọ̀rá àti agolo ti ń gba ipò ewé ní ilé ìdáná, igbó tó ń ṣíji bò ó sì ń di oko àti ilé. Bí ewé bá kúrò lọ́jà, ta ni yóò tún rántí èso?

A ti bẹ ìyá eléwé pé kó bá wa mú èso kan bọ̀ nígbà tó bá ń lọ kó ọjà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin náà ẹ bi ìyá eléwé tiyín léèrè. Ìtàn yìí wà lẹ́nu wọn kó tó dé inú ìwé.