Kámẹ́rà Lójú Títì: Àwọn Ọ̀dọ́ Oníṣẹ́ Fọ́tò láti Èkó dé Bamako

Ní ọdún 1979, ní ìlú Dakar, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Àdéhùn náà sọ pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, kí ó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Ní 2009, tí àdéhùn yìí pé ọgbọ̀n ọdún, oníṣẹ́ ọnà mẹ́wàá láti Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́, gba ojú títì láti Èkó lọ sí Bamako, olú-ìlú Mali. Kámẹ́rà ni olórí ohun èlò wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ìrìn àjò náà ni Invisible Borders, ìyẹn ààlà tí ojú kò rí. Ó yẹ kí á béèrè pé: bí ojú kò bá rí ààlà, kí ni kámẹ́rà fẹ́ yà níbẹ̀?

Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju 2009 lọ. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, Jonathan Adagogo Green ti ń ya fọ́tò ní Bonny, Neils Walwin Holm náà sì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó. Ní Bamako, Seydou Keïta ṣí ilé ìyàwòrán tirẹ̀ ní 1948, nígbà tí ìjọba Faransé ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Keïta a máa kó rédíò, aago ọwọ́, kálàmù àti aṣọ òyìnbó kalẹ̀ kí àwọn oníbàárà mú èyí tí ó bá wù wọ́n. Ẹni tí kò ní rédíò nílé di onírédíò nínú fọ́tò. Àwọn kan lè pe èyí ní irọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: irú ènìyàn tí ẹni náà fẹ́ kí á mọ òun sí ni ó ń sọ fún wa, ìyẹn náà sì jẹ́ òtítọ́ nípa rẹ̀. Àwọn Yorùbá Ìlá Ọ̀ràngún tilẹ̀ lọ jìnnà ju báyìí lọ. Nígbà tí Stephen Sprague, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàrin wọn ní àwọn ọdún 1970, ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, oníṣẹ́ fọ́tò a máa tẹ àwòrán èyí tí ó wà láàyè ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe ni ẹ̀rọ gbà ṣe yìí. (Ayàwòrán ni èdè wa ń pe ẹni tí ó ń lo ọ̀dà àti ẹni tí ó ń lo kámẹ́rà, kí ọ̀rọ̀ má baà rú olùkà lójú ni mo ṣe ń lo ‘oníṣẹ́ fọ́tò’ níhìn-ín.)

Ní 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àjọ̀dún fọ́tò Áfíríkà ní Bamako. Níbẹ̀ ni ayé ti mọ Samuel Fosso, tí wọ́n bí ní Cameroon ní 1962, tí ó gbé ilẹ̀ Ìgbò nígbà ogun Biafra, tí ó sì ṣí ilé ìyàwòrán ní Bangui nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré. Fíìmù tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ oníbàárà ni Fosso fi ń ya ara rẹ̀, tí ó ń pààrọ̀ aṣọ, tí ó ń pààrọ̀ ìdúró. Òun nìkan ni ó wà nínú yàrá náà, òun ni ó ń yà, òun náà ni wọ́n ń yà.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó tẹ̀ lé e gba ọ̀nà mìíràn. Láti inú àjọ̀dún Bamako ti 2001 ni ẹgbẹ́ Depth of Field ti jáde ní Èkó. Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, TY Bello àti Amaize Ojeikere ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Emeka Okereke àti Zaynab Odunsi dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Amadi-Obi ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì ń kun àwòrán, akọrin ni TY Bello, ọmọ J. D. ’Okhai Ojeikere, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya oríṣiríṣi irun dídì ní 1968, ni Amaize. Lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ fọ́tò, orúkọ ẹgbẹ́ náà túmọ̀ sí ìwọ̀n ibi tí nǹkan ti ń hàn kedere nínú àwòrán, láti itòsí títí dé òkèèrè. Wọ́n a máa pàdé, wọn a kó àwòrán sílẹ̀, wọn a sì yẹ iṣẹ́ ara wọn wò láìfi bò. Èkó fúnra rẹ̀ ni wọ́n dojú kọ. Kì í ṣe Èkó tí àlejò wá wò fún ọ̀sẹ̀ kan, bí kò ṣe èyí tí àwọn fúnra wọn ń jí sí. James-Iroha lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ó ya iná, ẹran àti ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀nyí ni ó sì fi sọ iṣẹ́ náà lórúkọ. Ní 2005, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ní South London Gallery ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ó fi máa di 2009, ẹ̀rọ ti yí padà. Lásìkò fíìmù, ẹni tí ó bá ya àwòrán ní ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù kí òun tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn tó rí i. Kámẹ́rà tuntun àti kọ̀ǹpútà alágbèéká mú kí ènìyàn mẹ́wàá lè péjọ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n yà lọ́sàn-án, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú tèmi, ìyípadà yìí ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ lè di ilé iṣẹ́ ọnà.

Ẹni tí ó bá gba ilẹ̀ lọ sí Bamako láti Èkó yóò kọjá ẹnubodè méjì, ó kéré tán. Níbẹ̀ ni ìwé àdéhùn 1979 ti ń pàdé aṣọ́bodè tí ó ń béèrè owó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì dópin, èdè Faransé bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lè máa sọ èdè kan náà ní ìhà méjèèjì. Àwa Yorùbá mọ èyí dáadáa: àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 fi Kétu sí ìhà kan, ó fi Mẹ́kọ sí ìhà kejì. Àwọn alákòóso àjọ̀dún Bamako náà ti fi ‘ààlà’ ṣe àkòrí ọdún 2009 yẹn. Ní àjọ̀dún náà, Uche Okpa-Iroha, ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò náà, gba ẹ̀bùn Seydou Keïta fún àwòrán àwọn tí ń gbé abẹ́ afárá ní Èkó.

Ohun kan kọ mí lóminú níbí yìí. Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n jọ rìn, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀bùn àti ọjà iṣẹ́ ọnà mọ̀. Wọ́n jọ ń sọ ‘àwa’, àwọn tí ń ra iṣẹ́ ọnà sì ń béèrè pé ‘ta ni?’ Ìbéèrè kejì kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ó ti inú ìrìn àjò wọ̀nyí jáde, títí kan ìwé A Stranger’s Pose tí Emmanuel Iduma gbé jáde ní 2018. Èmi kò dá wọn lẹ́bi; ọmọ èdè tí ó yàtọ̀ síra ni wọ́n, wọ́n sì nílò èdè tí gbogbo wọn gbọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ń wádìí irú ẹni tí a jẹ́ ń fi ohun tí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sọ ní èdè tiwọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Wọ́n lọ sí Dakar ní 2010, wọ́n dé Addis Ababa ní 2011, wọ́n sì gbéra láti Èkó lọ sí Sarajevo ní 2014. Okwui Enwezor pè wọ́n sí ìpàtẹ ńlá Venice ní 2015. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti 2016, nígbà tí wọ́n yí orí ọkọ̀ padà sínú Nàìjíríà fúnra rẹ̀, láti wo àwọn ààlà tí kò ní aṣọ́bodè: ti èdè, ti ẹ̀sìn, ti ogun tí a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Ogun àti ìfipágbàjọba ti ọdún 2012 ní Mali kò jẹ́ kí àjọ̀dún Bamako ti 2013 wáyé. Ó di 2015 kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú àjọ ECOWAS pátápátá. Àjọ náà ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí tí wọn yóò fi jíròrò tán. Àwòrán tí wọ́n yà lójú ọ̀nà Bamako ní 2009 ti di ẹ̀rí nípa àsìkò tí Èkó àti Bamako jọ wà lábẹ́ àdéhùn kan ṣoṣo.