Iṣin àti Oògùn Àtọ̀gbẹ: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìtàn

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà 'àtọ̀gbẹ' palẹ̀, ohun tí a ó rí ni à-tọ̀-gbẹ: kí ènìyàn máa tọ̀ títí yóò fi gbẹ. Orúkọ yìí fi hàn pé àwọn baba wa kíyè sí àrùn náà dáadáa. Ṣùgbọ́n mímọ àmì àrùn yàtọ̀ sí mímọ oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ewé tàbí èso yòówù tí ó bá ti lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ti di oògùn àtọ̀gbẹ. Ìtàn iṣin ni a ó fi yẹ èrò yìí wò.

Igi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni iṣin. Ní nǹkan bí ọdún 1778, ọkọ̀ ẹrú gbé e dé Jàmáíkà. Ní ọdún 1793, William Bligh kó o lọ sí ọgbà Kew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ ní Blighia sapida. Iṣin di ààyò oúnjẹ ní Jàmáíkà, ṣùgbọ́n àrùn èébì kan ń pa àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1916, dókítà H. H. Scott so àrùn náà mọ́ iṣin tí kò gbó. Ní ọdún 1954, Hassall àti Reyle yọ èròjà kan jáde lára rẹ̀, tí a ń pè ní hypoglycin. Ó mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko wálẹ̀ gidigidi.

Ǹjẹ́ oògùn ti dé nìyẹn? Rárá o. Èròjà yìí kì í jẹ́ kí ara lè lo ọ̀rá, kì í sì í jẹ́ kí ó ṣe ṣúgà tuntun. Ara yóò wá ná ìwọ̀nba tí ó ní tán. Ohun tí ó mú ṣúgà wálẹ̀ gan-an ni ó ń pani. Ní ọdún 1998, ikú ọmọdé 29 ní Burkina Faso ni àwọn olùwádìí so mọ́ iṣin àìgbó.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé Galega officinalis, ewéko ilẹ̀ Yúróòpù. Òun náà ní májèlé tí ń mú ṣúgà wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fún aláìsàn ní ewéko náà bẹ́ẹ̀. Ìbátan èròjà inú rẹ̀ tí kò le tó o ni wọ́n wá kiri. Ní ọdún 1922, a ṣe metformin ní Dublin. Ní ọdún 1957 ni Jean Sterne, ará Fáránsé, tó kéde bí ó ti ṣiṣẹ́ lára àwọn alátọ̀gbẹ. Ọdún márùndínlógójì ni ó wà láàrin méjèèjì.

Ẹni tí ó mọ iṣin mọ̀ pé pípọ́n nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ là fúnra rẹ̀ lórí igi kí a tó jẹ ẹ́. Ìmọ̀ tòótọ́ nìyí: mímọ àkókò, mímọ ìwọ̀n, mímọ ibi tí a kì í jẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin akọ́mọlédè ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń yan àyọkà lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ fún ìdánwò, kí a bi í léèrè pé: apá wo lára igi ni? Báwo ni ó ṣe pọ̀ tó? Ara ta ni a ti dán an wò? Ohun tí ọmọ bá kà lọ́dọ̀ wa ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ alátọ̀gbẹ nílé. Kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ wa ni bàbá yóò gbọ́ tí yóò fi da oògùn dókítà nù.