Apá Tí Kò Gbé: Ọ̀nà àti Ọjọ́ Nínú Iṣẹ́ Abẹ Iṣan Ìmọ̀lára

Ẹni tó bá ṣubú lórí ọ̀kadà, tí èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ tí orí sì yà sí òdìkejì, lè dìde láìsí egungun kankan tó kán, kí apá kan sì máa fì dirodiro lára rẹ̀. Egungun ni ará ilé máa ń rò. Wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, wọ́n á máa fi òrí pa á. Bẹ́ẹ̀ ọrùn ni ohun tó bàjẹ́ wà, níbi tí gbòǹgbò iṣan márùn-ún ti ń jáde láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí wọ́n ń lọ́ mọ́ra wọn kí wọ́n tó wọ apá. Iṣan tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, kì í sì í ṣe èyí tó so ẹran mọ́ egungun. Iṣan ìmọ̀lára ni, tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún ẹran ara. Bí èdè wa ṣe ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iṣan wà lára ohun tó ń da àlàyé dókítà rú létí aláìsàn.

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, nínú irú ìpalára yìí, “ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. Ìpinnu ni, ó sì ń ná aláìsàn ní nǹkan.

Ní 1943, Herbert Seddon pín ìpalára iṣan sí mẹ́ta. Nínú ti àkọ́kọ́, iṣan kàn dákú ni, yóò sì jí fúnra rẹ̀. Nínú èkejì, fọ́nrán inú rẹ̀ já, ṣùgbọ́n awọ tó bò ó kò já, fọ́nrán tuntun á sì gba ibẹ̀ hù. Nínú ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ ló já. Lọ́jọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra: apá rọ. Nítorí náà, bí kò bá sí ojú ọgbẹ́, ó bọ́gbọ́n mu kí a wò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. (Bí ọ̀bẹ tàbí dígí bá gé iṣan, a kì í dúró rárá.)

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn ni ìṣirò dé. Fọ́nrán ń hù ní nǹkan bí mìlímítà kan lóòjọ́. Láti ọrùn dé ibi tí ẹran tó ń ká apá kò wà, ó ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìyẹn ju ọjọ́ 200 lọ. Ẹran tí kò gbọ́ àṣẹ sì ń gbẹ. Láàárín oṣù 12 sí 18, kì í sábà lè gba iṣan mọ́. Ẹni tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní oṣù kẹwàá, fọ́nrán tí a bá rán fún un lọ́rùn yóò dé bá ilé tó ti wó.

Ọgbọ́n tí Christophe Oberlin, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, gbé jáde ní 1994 ni pé kí a má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Nínú apá òkè, iṣan tó ń lọ sí ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹran náà kọjá. Ó yá ìdì fọ́nrán kan lára rẹ̀, ó rán an mọ́ ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹran tó ń ká apá kò. Ìrìn ọjọ́ 200 di ti sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Kódà bí gbòǹgbò òkè bá ti fà tu kúrò lára ọ̀pá ẹ̀yìn, tí kò sí ohun tí a lè rán mọ́ ọn, èyí ṣì ṣeé ṣe, bí àwọn gbòǹgbò ìsàlẹ̀ bá ṣì wà láàyè.

Ṣé ọwọ́ kò ní jìyà rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ ni. Nínú iṣẹ́ abẹ, a máa ń fi iná mànàmáná kékeré ta ìdì kọ̀ọ̀kan jí. Èyí tó ń ká ọrùn ọwọ́ la máa ń mú, nítorí iṣan mìíràn ṣì wà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n èyí náà kò ju àkókò lọ: kí oṣù mẹ́fà tó pé ló dára jù. Lójú tèmi, ọjọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ ló yẹ kó wà lókè lẹ́tà tí a fi ń darí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ṣáájú orúkọ àìsàn pàápàá.

Nígbà tí apá bá kọ́kọ́ ń padà bọ̀ sípò, ohun kan máa ń ya aláìsàn lẹ́nu: kí ìgúnpá rẹ̀ tó lè ká, ó ní láti pinnu lọ́kàn pé ọrùn ọwọ́ lòun fẹ́ ká. Díẹ̀díẹ̀ ni ọpọlọ á mọ̀ pé iṣan náà ti pààrọ̀ ọ̀gá.